Bíbò Àṣírí Ẹni: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹgbẹ́ Vincent de Paul ní Ìjọ Àgùdà ní Ìkòròdú

Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìkòròdú, láti Sábó títí dé Ìjẹ̀dẹ́, iṣẹ́ àánú ni kí ìjọ to àpò ìrẹsì síwájú ìta ṣọ́ọ̀ṣì nígbà Kérésìmesì, kí àwọn aláìní tò sórí ìlà, kí ẹnì kan sì máa ya fọ́tò. Inú ẹni tó ń fúnni á dùn, ẹni tó gbà á á dúpẹ́. Ṣùgbọ́n opó tí ebi ń pa jù ládùúgbò yẹn kò ní sí lórí ìlà. Kò fẹ́ kí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ gbọ́, kò sì fẹ́ kí oníyàrá kejì rí òun. Torí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Vincent de Paul, ẹgbẹ́ àánú Ìjọ Àgùdà tó ń jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ tó ń tọ́jú tálákà, ṣe wà. Àṣírí ni ẹgbẹ́ yìí ń bò, inú ilé oníkálukú ni wọ́n sì ti ń bò ó.

Ìlú Paris ló ti bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1833, ọjọ́ tí Frédéric Ozanam, ọ̀kan lára àwọn tó dá a sílẹ̀, pé ọmọ ogún ọdún gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi Emmanuel Bailly tó dàgbà jù wọ́n lọ ṣe ààrẹ. Wọ́n ní ìfẹ́, àmọ́ wọn ò mọ ilé tálákà kankan. Sister Rosalie Rendu, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ tó ń tọ́jú aláìní ní Paris, ló fi ilé hàn wọ́n, òun náà ló kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń wọlé tọ aláìní. Ohun tó kọ́ wọn ló wà nídìí gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Póòpù John Paul II kéde Ozanam ní Alábùkúnfún, ìpele tó ṣáájú ti ẹni mímọ́, lọ́jọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 1997.

Kí ẹ tó pe ìpàdé àkọ́kọ́

Ẹ kọ́kọ́ lọ bá Fadá tó ń ṣàkóso ìjọ yín, torí kò sí ẹgbẹ́ tí ẹ lè dá sílẹ̀ lórúkọ ìjọ láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ tọrọ: àyè láti máa ṣèpàdé, kọ́bọ́ọ̀dù kan tó ní kọ́kọ́rọ́, àti àpótí àwọn aláìní lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Fadá tàbí ẹni tó bá yàn á máa gbà yín nímọ̀ràn nípa ti ẹ̀mí. Òun kọ́ ni ààrẹ. Àwọn ọmọ ìjọ ló ń darí ẹgbẹ́ yìí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló sì ń yan ààrẹ láàárín ara wọn. Lẹ́yìn ààrẹ, ẹ nílò igbákejì, akọ̀wé àti akápò.

Ẹgbẹ́ tó wà nínú ìjọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní Kọ́nfúrẹ́ǹsì. Ẹ wá ìjọ tó sún mọ́ yín tó ti ní tirẹ̀, kí wọ́n mú yín mọ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ tó wà lókè wọn. Ìgbìmọ̀ yẹn ló máa fún yín ní ìwé òfin ẹgbẹ́, òun ló sì máa gbé orúkọ yín lọ títí á fi dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ àgbáyé ní Paris nígbà tí iṣẹ́ yín bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ má ṣe dá dúró. Ẹgbẹ́ tí kò ní ẹni tí yóò yẹ ìwé owó rẹ̀ wò kì í pẹ́ dàrú.

Èèyàn mẹ́fà sí mẹ́wàá tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá kéré sí márùn-ún, àìsàn ẹnì kan ṣoṣo á da ìbẹ̀wò gbogbo ọ̀sẹ̀ rú, torí méjì-méjì la ń lọ. Bí ẹ bá sì ti ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, àwọn kan á wulẹ̀ máa wá jókòó gbọ́ ìròyìn ni. Ẹ wo èdè pẹ̀lú. Yorùbá, Ìgbò, Ègùn, Tiv, gbogbo wọn ló ń jọ́sìn pọ̀ nínú ìjọ wa, ẹni tí ìyà ń jẹ kì í sì í lè fi èdè ẹlòmíràn sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ tán. Ẹ wá nọ́ọ̀sì kan bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹni tó ti jẹ́ alága ẹgbẹ́ mẹ́ta nínú ìjọ, ẹ jẹ́ kó máa fi àdúrà ràn yín lọ́wọ́, torí kò ní ráyè Sátidé tí a ń bẹ ilé wò.

Ẹ má ra aṣọ ẹgbẹ́. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo èèyàn nínú, torí àǹkárá ẹgbẹ́ ti di ara ayẹyẹ ìjọ wa. Ṣùgbọ́n owó aṣọ kan ń bọ́ ilé kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì ń lé àwọn ọmọ ìjọ tí ọwọ́ wọn kò tó nǹkan sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn gan-an ló mọ ohun tí ojú aláìní ń rí.

Oṣù àkọ́kọ́: ẹ máa bèèrè, ẹ má tíì fúnni ní nǹkan

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ fi wá àwọn tó yẹ kí ẹ bẹ̀ wò. Bí ẹ bá kéde lẹ́yìn Mísà pé kí aláìní wá forúkọ sílẹ̀, àwọn tí ojú kì í tì ló máa wá. Ẹ bi àwọn tó ń rí ohun tí ẹlòmíràn kì í rí. Ẹni tó ni kẹ́míìsì ládùúgbò mọ ẹni tó ń fi ẹyọ méjì-méjì ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dípò páálí. Ìyá tó ń ta gàrí mọ ẹni tó ti jẹ gbèsè kóńgò mẹ́ta, tó wá ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá. Tíṣà mọ ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì láago mẹ́wàá àárọ̀. Katikísì mọ àwọn àgbàlagbà tí wọn kò wá Mísà mọ́. Ẹ fi ọgbọ́n bèèrè, kí ẹ má sì sọ ohun tí ẹnì kan bá sọ fún yín fún ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn oṣù kan, ilé mẹ́rin péré ni kí ẹ mú fún ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́jọ. Ilé mẹ́rin tí ẹ ń dé déédéé sàn ju ogún tí ẹ dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìpàdé

Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló dára jù, ó pẹ́ tán ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Kó má ju wákàtí kan àbọ̀ lọ. Àdúrà ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ìwé kíkà kékeré fún ẹ̀mí, àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, ìròyìn ìbẹ̀wò, ìpinnu lórí ilé kọ̀ọ̀kan, ìròyìn akápò, àpò ìkọ̀kọ̀, àti àdúrà ìparí. Ìròyìn ìbẹ̀wò ló yẹ kó gba àkókò tó pọ̀ jù. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ ìkórè tàbí ti àjọ̀dún ẹgbẹ́ ló ń gba wákàtí kan lọ, ẹgbẹ́ ti ń ṣìnà nìyẹn.

Àpò ìkọ̀kọ̀ yẹn nílò àlàyé. Àpò aṣọ ni, ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀. Bó bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ, wàá di ẹ̀ṣẹ́, wàá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wàá sì fà á yọ. Ẹni tó ní ₦5,000 di ẹ̀ṣẹ́, ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ náà di ẹ̀ṣẹ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ iye tí ẹnìkejì fi sí i. Nítorí èyí ni aláìní fúnra rẹ̀ fi lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ láìsí ìtìjú. Bí akọ̀wé bá lọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àti iye owó, ìdí tí wọ́n fi ń lo àpò náà ti bàjẹ́.

Bí ẹ bá ń ròyìn, ẹ má dárúkọ. Nọ́ńbà ni kí ẹ fún ilé kọ̀ọ̀kan. “Ilé 3: oògùn Bàbá tán lọ́jọ́ Ẹtì.” Ìwé kan ṣoṣo ló ní orúkọ àti àdírẹ́sì tó bá nọ́ńbà mu, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló máa wà, ọwọ́ ààrẹ ni kọ́kọ́rọ́ sì máa wà.

Bí a ṣe ń wọlé

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹni méjì ni kó lọ, kó sì jẹ́ àwọn méjì kan náà fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, kí onílé má baà máa tún ìtàn ìyà rẹ̀ sọ fún ojú tuntun lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé opó, kí obìnrin wà nínú àwọn méjì náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wà pẹ̀lú ọmọdé nínú yàrá níbi tí ẹlòmíràn kò ti lè rí wọn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń jí láago mẹ́rin ìdájí jáde lọ sí Èkó, ilẹ̀ sì ti máa ń ṣú kí wọ́n tó wọlé, torí náà Sátidé láago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló rọrùn jù. Tó bá jẹ́ ilé Mùsùlùmí ni, tó sì jẹ́ oṣù ààwẹ̀, ẹ má ṣe lọ nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣínu. Ẹ wọ aṣọ lásán, ẹ má wọ lééṣì. Bí ẹ bá wa mọ́tò, ẹ gbé e sílẹ̀ ní òpin àdúgbò. Ẹ má lo àpò tó ní orúkọ ìjọ lára; ọ̀rá dúdú lásán ló dára, bí ìgbà tí èèyàn ti ọjà dé.

“Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, Màmá. Ẹ kú ilé.”

“Ẹ káàbọ̀. Ta lẹ ń bèèrè?”

“Ẹ̀yin náà ni, Màmá. Ọmọ ìjọ Àgùdà tó wà lójú ọ̀nà yìí ni wá. A ní ká yà kí yín ni. Ṣé ká wọlé jókòó díẹ̀, àbí ká padà wá lọ́jọ́ mìíràn?”

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ó fún onílé láyè láti sọ pé rárá. Aláìní kì í sábà rí ẹni tó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ní kí ẹ padà wá, ẹ kí i tìyẹ́sítìyẹ́, kí ẹ padà, kí ẹ sì tún wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ́ á dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí àgbà bó ṣe yẹ. Níbi tí wọ́n bá na ọwọ́ sí ni kí ẹ jókòó sí, kódà kó jẹ́ orí ẹní. Bí wọ́n bá fún yín ní omi, ẹ gbà á.

Ẹ má bèèrè pé “kí lẹ fẹ́ ká ṣe fún yín?” lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìbéèrè yẹn ń sọ onílé di alágbe nínú ilé ara rẹ̀. “Ta ló ń bá yín pọn omi?” “Ṣé ẹsẹ̀ yẹn ti ń jẹ́ kí ẹ sùn?” Irú èyí ló ń ṣí ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Kí ojú yín náà máa ṣiṣẹ́ láìtẹjú mọ́ nǹkan: bóyá eérú inú àdògán ti pẹ́, bóyá páálí oògùn tó wà lórí fèrèsé ti ṣófo, bóyá ọmọ tó yẹ kó wà ní ìpele kẹta ìwé girama ló ń ta omi. Ọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ lójú ìyàwó rẹ̀. Kí ọ̀kan nínú yín bá Bàbá jáde sẹ́nu ọ̀nà, kí ìkejì dúró ti Màmá.

Ogún ìṣẹ́jú sí ogójì ti tó. Ẹ má kọ nǹkankan sínú ìwé lójú wọn. Bí ẹ bá ti dé ìkòríta, kí ẹ dúró kọ ohun tí ẹ rí kí ẹ tó wọ kẹ̀kẹ́. Bó bá di ọjọ́ kejì, ìlàjì rẹ̀ ti sá lọ. Àdúrà ńkọ́? Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbàdúrà, ẹ gbà á. Bí wọn ò bá sọ, ẹ lọ gbà á nílé. A kì í bèèrè ṣọ́ọ̀ṣì tí aláìní ń lọ, a kì í sì í wo bóyá ó jẹ́ Àgùdà kí a tó ràn án lọ́wọ́.

Oúnjẹ

Fún ilé èèyàn márùn-ún, èyí tí ẹ ó gbé lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì ni ìrẹsì kóńgò 3, gàrí kóńgò 4, ẹ̀wà kóńgò 2, epo pupa lítà kan, iyọ̀, ata gígún, àlùbọ́sà, ẹja gbígbẹ díẹ̀ àti ọṣẹ ìfọṣọ. Kò ní tó wọn pátápátá. Ńṣe ló máa ran owó kékeré tí wọ́n ń rí lọ́wọ́. Kóńgò ìrẹsì kan wọn tó kílò kan àbọ̀, ṣùgbọ́n ẹ mú kóńgò tiyín lọ sọ́jà. Ẹ fi ọwọ́ kan ìdí kóńgò tí wọ́n bá fẹ́ fi wọn nǹkan fún yín. Àwọn kan ti fi òkúta lu ìdí rẹ̀ wọnú, lórí kóńgò mẹ́wàá ẹ lè pàdánù odidi kan.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ẹ̀wà láìsí èédú. Ẹ̀wà ń pẹ́ lórí iná. Ẹni tí kò ní owó èédú á ta ẹ̀wà yín fún aládùúgbò ní ìdajì owó, ẹ̀yin á sì máa sọ pé kò mọrírì. Ẹ fi èédú kún un, tàbí kí ẹ fi gàrí rọ́pò ẹ̀wà. Ẹ bèèrè bóyá ó ní ìtọ̀ ṣúgà kí ẹ tó gbé ìrẹsì àti gàrí fún àgbàlagbà. Fún ẹni tó bá ní in, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹja ni kó pọ̀. Ẹ gbóòórùn ẹ̀wà kí ẹ tó rà á, torí àwọn kan ń da oògùn apakòkòrò sí i. Kí ẹ má rà ju ti oṣù kan lọ. Lásìkò òjò, ilẹ̀ yàrá tí ẹ ń kó nǹkan sí á máa tutù. Orí pákó ni kí ẹ gbé àpò lé, inú dírọ́ọ̀mù tó ní ìdérí sì ni kí gàrí wà.

Ní ti ìtọ́jú, owó kì í dé ọwọ́ aláìsàn bó bá ṣeé yẹra fún. Ẹ bá a lọ sí kẹ́míìsì, ẹ sanwó, ẹ gba rìsíìtì. Fún ilé tí àìsàn kò kúrò ńbẹ̀, owó ètò ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ń pè ní Ìlera Èkó sàn láti bá wọn san ju kí ẹ máa san owó dókítà ní díẹ̀díẹ̀. Ẹ bèèrè kí ẹ tó san án, ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti ilé ìwòsàn tí wọ́n lè lò.

Owó

Kọ́kọ́rọ́ méjì ni kí àpótí ẹnu ọ̀nà ní, kí ààrẹ mú ọ̀kan, kí akápò mú ìkejì. Ẹni mẹ́ta ló ń kà á, lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì fọwọ́ síwèé kí wọ́n tó dìde. Ẹni mẹ́ta ló ní orúkọ lórí àkáǹtì báńkì, ẹni méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Ìwé oṣù kan lè rí báyìí: owó tó kù látẹ̀yìn ₦18,400, àpò ìkọ̀kọ̀ ₦21,600, àpótí ₦57,300, ẹ̀bùn ₦40,000, àpapọ̀ ₦137,300. Oúnjẹ ilé mẹ́rin ₦81,500, oògùn ₦14,200, owó ọkọ̀ aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ₦6,000, àpapọ̀ ₦101,700. Ó ku ₦35,600. Ẹ kà á sókè ní ìpàdé, ẹ fún Fadá ní ẹ̀dà kan.

Àwọn akápò kan máa ń yangàn pé owó ń pọ̀ ní báńkì. Òfin ẹgbẹ́ kò fẹ́ kí owó máa ṣe òkìtì, torí ti aláìní ni. Bí owó bá ń ṣẹ́kù lóṣooṣù, ẹ wá ilé karùn-ún. Ẹ má sì yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó rárá, ì báà jẹ́ fún ọjọ́ méjì.

Lásìkò ìbò, olóṣèlú á gbé ìrẹsì tó ní fọ́tò rẹ̀ lára wá. Ẹ dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, aláìní tó bá sì gba àpò yẹn lọ́wọ́ yín á rò pé ẹ ti ta òun.

Òwò kékeré

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni owó ìbẹ̀rẹ̀ òwò ti run lọ́wọ́ wọn, ìdí rẹ̀ kò sì ju ọ̀kan lọ. Wọ́n á fún Ìyá kan ní owó kó fi ta àkàrà, wọ́n á sì dá oúnjẹ dúró lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ọmọ ò tíì jẹun, kí lẹ rò pé ó máa kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀wà tó yẹ kó lọ̀? Kì í ṣe olè, ebi ló jẹ owó náà. Ẹ máa gbé oúnjẹ lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí òwò ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun èlò ni kí ẹ rà, kì í ṣe owó ni kí ẹ fún un: ẹ̀wà, òróró, agbada, ààrò. Ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ yan òwò tó mọ̀. Obìnrin tó ti ń yan ẹja láti kékeré ní Báyékù, ẹ má sọ ọ́ di aṣerunlóge. Ẹ bá a wá ike méjì, ọ̀kan fún owó ọjà, ìkejì fún èrè. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ jọ ka ike àkọ́kọ́. Bó bá ń dínkù, ẹ má bínú, ẹ bèèrè ibi tó gbà lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà àwìn ni. Ẹ kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tó lè fi kọ àwìn láìba ojú jẹ́: “Ẹ jọ̀ọ́, ọjà yìí kì í ṣe tèmi nìkan.”

Bí iṣẹ́ ilé kan bá parí

Ẹ má ṣe já lójijì. Bí òwò bá ti dúró tàbí tí ọmọ bá ti ń bọ́ ìyá rẹ̀, ẹ jọ sọ ọ́ ní ìpàdé, kí ẹ fi ìbẹ̀wò sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, lẹ́yìn náà lóṣooṣù. Àwọn méjì tó ń lọ látìbẹ̀rẹ̀ ni kó lọ sọ fún wọn, kí wọ́n sì lọ lọ́wọ́ òfo lọ́jọ́ yẹn, kó lè yé onílé pé òun gan-an ni wọ́n ń wá kí látọjọ́ yìí. Ẹ kọ ọjọ́ náà sínú ìwé, ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ẹ má sì gbé nọ́ńbà ilé náà fún ilé mìíràn. Nígbà Àjíǹde àti Kérésìmesì, ẹ yà kí wọn.